Igi Tó Jẹ Owó Àjọ Ìyá Mi

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ẹnikẹ́ni kò tì mí sí i. Ìwọ tí o ń kọ kóòdù lónìí ni mo ń bá sọ̀rọ̀, torí ohun tó gbà mí lọ́kàn nígbà náà lè ti wà lọ́kàn tìrẹ náà báyìí.

Iṣẹ́ ọ̀hún kò le. Iléeṣẹ́ kan ní Àpápá tó ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù fẹ́ kí àwọn ejẹ́ńtì wọn lè tẹ ìbẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà kọ̀nténà sórí fóònù, kí wọ́n sì rí ibi tó wà àti ọjọ́ tí dẹ́múréèjì, owó tí wọ́n ń gbà lórí kọ̀nténà tó bá pẹ́ jù, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ dàgbà ní Ajégúnlẹ̀ ló fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún mi kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ náà fún mi.

Nọ́ńbà kọ̀nténà ní òfin tirẹ̀, ISO 6346. Lẹ́tà mẹ́ta ń sọ ẹni tó ni ín, ìkẹrin sábà máa ń jẹ́ U, òǹkà mẹ́fà tẹ̀ lé e, òǹkà kan sì wà ní ìparí tí wọ́n ṣírò láti ara àwọn tó ṣáájú kí àṣìkọ lè hàn. Mọ́kànlá ni gbogbo rẹ̀. Dúró sí Creek Road kí o máa wo ẹ̀yìn tírélà, wàá rí i pé ìbẹ̀rẹ̀ kan náà ló ń padà wá ṣáá: MSCU, MSKU, MSCU. Ìyẹn ló gbé ọkàn mi lọ sórí trie.

Igi ni trie. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń mú wa láti oríkèé kan bọ́ sí òmíràn, àwọn ọ̀rọ̀ tí ìbẹ̀rẹ̀ wọn bára mu a sì jọ máa rìn lójú ọ̀nà kan títí wọn ó fi pínyà. René de la Briandais ti kọ nípa rẹ̀ ní 1959, Edward Fredkin sì sọ ọ́ lórúkọ ní 1960. Ní 1968, Donald Morrison fi hàn bí a ṣe lè yọ àwọn oríkèé tí kò ní ju ẹ̀ka kan lọ kúrò. Ní 2013, Viktor Leis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Munich gbé ART jáde, igi tí ìtóbi oríkèé rẹ̀ ń tẹ̀ lé bí ẹ̀ka rẹ̀ ṣe pọ̀ tó: àyè 4, 16, 48 tàbí 256. Kóòdù irú wọn wà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo mọ̀. Mo ti kà á. Mo ṣì ní tèmi ni n óò kọ.

Orúkọ ni mo ń wá. Mo fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ọmọ Ajégúnlẹ̀ kan ló kọ láíbìrì tó yára jù lọ, débi pé mo ti sọ ọ́ lórúkọ kí n tó kọ ìlà kan.

Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, ẹ̀gbọ́n tó kọ́ mi níṣẹ́ wò ó. "Àbúrò, báìtì mélòó ni oríkèé kan ń jẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tiẹ̀ wo bó ṣe ń sáré."

"Mi ò bi ọ́ léèrè eré. Lọ kó gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n ní sínú rẹ̀, kí o tó fi hàn wọ́n."

Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò gbọ́.

Oríkèé mi kọ̀ọ̀kan ní àyè 256, àyè kọ̀ọ̀kan sì gba àdírẹ́sì báìtì 8. Báìtì 2,048 nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ òǹkà ni méje nínú mọ́kànlá yẹn, òǹkà kò sì ju mẹ́wàá lọ. Ó dà bí kí ènìyàn kọ́ ilé oníyàrá 256 sí Ajégúnlẹ̀ fún ayálégbé tí kò lè ju mẹ́wàá lọ láé, tí ẹyọ kan sì máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ ilé náà. Ká ní nọ́ńbà 200,000 wà nílẹ̀: tí a bá kàn tò wọ́n síra, báìtì 2,200,000 ni. Nínú igi tèmi, bí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bá ní oríkèé mẹ́ta péré tó dá ní, ó ti kọjá báìtì bílíọ̀nù kan. Nọ́ńbà tí mo fi dán an wò lórí láptọ́ọ̀pù mi kéré débi pé gbogbo igi náà wọ inú cache, mẹ́mórì kékeré tó wà lára ọpọlọ kọ̀ǹpútà gan-an. Ìdí tó fi ń sáré nìyẹn. Nígbà tó kún jáde sínú RAM, mẹ́mórì ńlá tó jìnnà sí ọpọlọ náà, oríkèé kọ̀ọ̀kan di ìdúró.

Mo gbé e fún iléeṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn ejẹ́ńtì lóhùn, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀, ó yẹ kí n da kóòdù náà nù. RAM ni mo lọ ń wá. Ìyá mi ń tajà ní ọjà Boundary, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ tí wọ́n fẹ́ fi ra ọjà. Mo lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n kó o fún mi láìbéèrè ohun púpọ̀, torí wọ́n gbà pé mo mọ ohun tí mo ń ṣe.

Ó dé ọjọ́ kan tí iṣẹ́ pọ̀. Sáfà kú. Mo tan án. Ó ń kó igi náà jọ látìbẹ̀rẹ̀, ó tún kú. Àwọn ejẹ́ńtì ń pè mí, mi ò gbé e. Ọjọ́ kọjá lórí kọ̀nténà tí kò sẹ́ni tó rí i. Ẹlẹ́rù ló san dẹ́múréèjì. Kò mọ̀ mí rí.

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, wọn ò san ìyókù owó. Lẹ́yìn náà ni mo to àwọn nọ́ńbà náà ní ẹsẹẹsẹ, tí mo ń pín wọn sí méjì láti wá ọ̀kan. Fún 200,000, wíwò 18 ti tó, torí bí a bá sọ 1 di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mejìdínlógún, 262,144 ni. Láàárín ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ni mo kọ ọ́ tán. Kò sẹ́ni tí n óò gbé e fún mọ́.

Mo ṣì ń dá owó ìyá mi padà díẹ̀díẹ̀. Ìsọ̀ wọn kò tíì kún bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá, ṣùgbọ́n nígbà tó mú àbúrò rẹ̀ lọ síbẹ̀ láti wáṣẹ́, orúkọ mi ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún un, wọ́n sì ní kí ọmọ náà máa lọ.