Níbo Ni Ìdọ̀tí Oníṣègùn Ń Lọ?

 

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe jẹun nílùú ọba yìí láti ìgbà tí mo ti gba oyè mi ní yunifásítì níbí. Ohun tí iṣẹ́ náà fi kọ́ mi ni pé kò sí ohun tó wọlé tí kì í ní ọ̀nà àbájáde. Ọjà tó wọ inú ilé ìtajà, bí a kò bá rí i lórí àtẹ, tí a kò sì rí owó rẹ̀ nínú àpótí, ẹnìkan ní àlàyé láti ṣe. Ojú yìí ni mo máa ń fi wo nǹkan, kódà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti bẹ̀ mí níṣẹ́. Òun náà ni mo fi wo ilé ìṣègùn ìbílẹ̀ kan ní Kerala, ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà, nígbà tí mo sin ìyàwó mi lọ síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019 nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún.

Ayurveda ni wọ́n ń pe ìṣègùn náà. Ní èdè Sanskrit, ìmọ̀ nípa ìwàláàyè ni orúkọ yìí túmọ̀ sí. Ewé, egbò igi, èèpo igi, òróró àti oúnjẹ ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn baba wa. Ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ kò fi tiwọn pamọ́ sí kọ̀rọ̀. Ní ìlú Kottakkal ní Kerala kan náà, P. S. Varier dá Arya Vaidya Sala sílẹ̀ lọ́dún 1902, ó sì ń ṣiṣẹ́ di òní olónìí. Ní oṣù Bélú ọdún 2014, ìjọba àpapọ̀ Íńdíà ya iléeṣẹ́ ìjọba kan sọ́tọ̀ fún ìṣègùn ìbílẹ̀, AYUSH ni orúkọ rẹ̀. Ilé kékeré mìíràn ni àwa lọ ní tiwa, ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ wọn níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Èrò ọ̀pọ̀ nínú wa ni pé ìṣègùn ewé kò ní ìdọ̀tí kankan tó lè ṣe ènìyàn níbi. Ilẹ̀ ni ewé ti hù, ilẹ̀ náà ni yóò padà sí. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo olórí ìtọ́jú wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní panchakarma, ìyẹn iṣẹ́ márùn-ún. Bí ọ̀pọ̀ ṣe ń kà á, èkíní ni pé kí aláìsàn bì. Èkejì, kí ó lo oògùn tí yóò mú un yàgbẹ́. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n fi rọ́bà da omi oògùn tàbí òróró sí i nídìí. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n kán oògùn sí i nímú. Ẹ̀karùn-ún, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ìṣègùn tó dá lórí lílé nǹkan jáde lára ni? Tí nǹkan bá sì jáde lára ènìyàn, ó gbọ́dọ̀ ní ibi tó ń lọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ eṣúṣú, kòkòrò inú omi tí ń fa ẹ̀jẹ̀, èyí tí àwọn tó ń ka ìwé Òwe nínú Bíbélì mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Wọ́n ń gbé e lé ojú egbò tàbí ibi tó wú, yóò mu ẹ̀jẹ̀ yó, yóò sì já bọ́ fúnra rẹ̀. Mo bi nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ pé níbo ni eṣúṣú yìí ń gbà lọ lẹ́yìn èyí. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá Ṣadé, ẹ̀yin àti ìṣirò yín náà!" Ṣùgbọ́n inú nọ́ọ̀sì náà dùn sí ìbéèrè mi. Ó fi hàn mí pé wọ́n ń bu ìyẹ̀fun ata ilẹ̀ pupa sí eṣúṣú lẹ́nu kí ó lè bi ẹ̀jẹ̀ tó mu. Lẹ́yìn náà wọ́n á dá a padà sínú ìgò omi tirẹ̀, tí wọ́n kọ orúkọ aláìsàn sí lára. Eṣúṣú ẹnìkan kò gbọ́dọ̀ kan ara ẹlòmíràn. Ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́kù sí i nínú lè kó àrùn ràn ẹni tó kàn. Yàtọ̀ sí èyí, kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní Aeromonas ń gbé inú ìfun eṣúṣú, ó sì lè sọ egbò di ohun tí ń rà. Iye eṣúṣú tí wọ́n rà, iye tí wọ́n lò, iye tó kú tí wọ́n sì kó sínú àpò ìdọ̀tí eléwu, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé. Mo ro ó pọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó pé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni okùn tí wọ́n ń pè ní kshara sutra. Òwú ni, wọ́n ń fi oje igi, eérú ewé àti ata ilẹ̀ pupa pa á lára léraléra, wọ́n á wá kì í bọ inú egbò oníhò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí. Okùn náà ń gé egbò ọ̀hún díẹ̀díẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ó máa san. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Òwú àti ewé náà ni, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n yọ jáde ti di ẹ̀jẹ̀ àti ọyún. Láti ìgbà náà lọ, kò yàtọ̀ sí báńdéèjì ilé ìwòsàn òyìnbó.

Òfin ilẹ̀ Íńdíà mọ èyí. Ní 1998 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe òfin lórí ìdọ̀tí ilé ìwòsàn, wọ́n sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2016. Òfin ti 2016 dárúkọ ilé ìwòsàn AYUSH pẹ̀lú àwọn yòókù, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ewé lòun ń tà. Àwọ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi pín ìdọ̀tí náà. Àpò aláwọ̀ ìyeyè wà fún òwú àti aṣọ tó kan ẹ̀jẹ̀, àti oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Pupa wà fún rọ́bà, ìbọ̀wọ́ àti ike tí wọ́n ti lò. Àpótí funfun líle, tí a lè wo inú rẹ̀, wà fún abẹ́rẹ́ àti abẹ. Búlúù wà fún ìgò. Ìdọ̀tí tó kan ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 48 lọ nílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n tọ́jú rẹ̀. Tí ibùdó tí ń ba ìdọ̀tí yìí jẹ́ fún gbogbo ilé ìwòsàn bá wà láàárín kìlómítà 75, ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ dá ẹ̀rọ tirẹ̀ kalẹ̀. Ibùdó náà ni yóò máa wá kó o.

Èyí tó wù mí jù ni ti ìwé. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí wọ́n fi àmì onílà tí ẹ̀rọ ń kà sára àpò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ìròyìn ọdún ránṣẹ́ sí ìjọba kí ọgbọ̀nọjọ́ oṣù Òkúdu tó kọjá, kí wọ́n sì tọ́jú ìwé náà fún ọdún márùn-ún. Ìṣirò owó kúkú ni, owó nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Kí ni yíya nǹkan sọ́tọ̀ báyìí wà fún? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú gbogbo ìdọ̀tí ilé ìwòsàn, bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún kò léwu ju ìdọ̀tí ilé lọ. Ìdá 15 ló léwu. Ṣùgbọ́n bí a bá da méjèèjì pọ̀, gbogbo rẹ̀ ló di eléwu, owó tí a ó fi pa á run á sì ga. Àwọn ewé tí wọ́n ti sè tán nínú àgbo, tí kò kan ara ẹnikẹ́ni, wọ́n lè di ajílẹ̀. Òróró tí wọ́n fi wọ́ra kò yẹ kó gba ojú gọ́tà lọ, nítorí yóò dí i. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn oògùn kan wà tí mákúrì wà nínú wọn. Bí ọjọ́ wọn bá kọjá, a kò gbọ́dọ̀ dà wọ́n sí ẹ̀yìnkùlé.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti owó pẹ̀lú. Ẹni tí abẹ́rẹ́ ìkọ̀kọ̀ ń gún kì í ṣe oníṣègùn, kì í sì í ṣe aláìsàn tó sanwó. Obìnrin tí ń gbálẹ̀ ni, tàbí ọmọdé tí ń ṣa ike lórí ààtàn láti fi jẹun. Àrùn ẹ̀dọ̀ lè wà lẹ́nu abẹ́rẹ́ tí a ti lò, kòkòrò HIV náà sì lè wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí òfin náà fi ní kí wọ́n fún òṣìṣẹ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn ẹ̀dọ̀ àti ti ipá. Obìnrin tí ń gbé àpò ìyeyè nílé tí a wà, tí àwọn àlejò kì í sábàá kí, òun gan-an ni gbogbo ìwé yẹn ń dáàbò bò.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: ṣé àwọn baba wọn lo àpò aláwọ̀ mẹ́rin ni? Rárá. Ṣùgbọ́n àwọn baba wọn kò lo rọ́bà àti sírínjì pẹ̀lú. Ìkòkò amọ̀ àti ewé ni tiwọn, aláìsàn wọn kò sì tó ti ìsinsìnyí. Yàtọ̀ sí èyí, Sushruta Samhita, ìwé iṣẹ́ abẹ wọn àtayébáyé, ti kọ́ni bí a ṣe ń mú eṣúṣú bi ẹ̀jẹ̀ tó mu. Ìtọ́jú wà nínú àṣà náà látilẹ̀wá. Ohun tí òfin ṣe ni pé ó mú un dé òpin ọ̀nà.

Ó wá kan àwa náà. Gbẹ́rẹ́ wà lára ìṣègùn tiwa, ìwo tí a fi ń fa ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, abẹ olóólà náà wà níbẹ̀. Àwọn kan ṣì ń sín gbẹ́rẹ́ nínú yàrá, lókè òkun níbí. Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni sín in tàbí kí ó má sín in. Ohun tí mò ń béèrè ni pé níbo ni abẹ náà lọ? Ṣé ó tún kan ara ẹlòmíràn? Ṣé inú àpò ìdọ̀tí ilé ìdáná ló wà, tí yóò fi gé ọwọ́ òṣìṣẹ́ tó ń kó ìdọ̀tí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé? Ìbéèrè yìí kan àwọn àgbà wa tó ń gún abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ nílé pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, dókítà ìdílé lè kọ àpótí líle tí a ń kó abẹ́rẹ́ sí fún wọn. Kí ẹ̀yin ọmọ bá wọn béèrè fún un.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ayé bọ̀wọ̀ fún ìṣègùn àwọn baba rẹ̀, kí ó má fi ìdọ̀tí rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ láti tẹ̀. Bí oníṣègùn bá ka ewé tó já, kí ó ka abẹ tó lò mọ́ ọn. Tí àwọn méjèèjì bá ti pé nínú ìwé, a lè wá sọ pé iṣẹ́ ọjọ́ náà parí.