Ta Ló Máa Wà Nílé?

Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, parí ilé rẹ̀ sí ìta ìlú, níhà Òkè-Ìlá. Ó wá pe ọkùnrin kan láti Òṣogbo pé kó bá òun ṣètò àyíká ilé. Ọkùnrin náà dé, ó rìn yípo, ó wọn ilẹ̀, ó jókòó pẹ́ títí sábẹ́ òjìji ògiri, ó sì lọ. Nígbà tó padà wá, kò mú òdòdó kankan lọ́wọ́. Bébà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan ló mú dání, tó ya igi, ọ̀nà àti ojú omi sí. Owó tó gbà lórí bébà yẹn tó ra ewúrẹ́ méjì tó sanra.

Agboolé gbóná. "Ewé tí Ọlọ́run ń hù lọ́fẹ̀ẹ́?" ni bàbá wa àgbà ń tẹnu mọ́. Àwọn ìyàwó ilé ní oní-fúláwà ẹ̀bá títì yóò kó fúláwà wá, yóò gbìn ín, yóò bomi rin ín, kò sì ní gba ìdajì iye yẹn. N kò dá sí i, àmọ́ bébà náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ìjọba kò kúkú ka ewé sí ohun ọ̀fẹ́, wọ́n dá odidi ilé ìwádìí sílẹ̀ ní Ìdí-Ìṣin n'Ìbàdàn ní 1975 nítorí èso, ẹ̀fọ́ àti òdòdó. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́lé lóde òní ló sì ń sanwó pílánù. Bí káńsù kò bá lù ú lóǹtẹ̀, wàhálà dé. Ilé sì rèé, ibi tí a bá kọ́ ọ sí náà ló ń wà. Igi ló ń dàgbà, tó ń na apá sórí òrùlé aládùúgbò, tó ń fi gbòǹgbò wá omi wọ inú ṣọ́kúwéè. Èwo ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ yàwòrán rẹ̀ nínú méjèèjì?

Mo rántí ará Ìlú Ọba kan, Humphry Repton. Ọdún 1752 ni wọ́n bí i, 1788 ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ọgbà fáwọn ọlọ́lá. Lancelot Brown, tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú rẹ̀, máa ń gba kọ́ńtíráàtì. Á kó lébìrà wá, á gbẹ́ adágún omi, á gbin igi, á sì rí èrè tirẹ̀ níbẹ̀. Repton ní tirẹ̀, ojú rẹ̀ àti ìwé rẹ̀ ló ń tà. Á wá wo ilẹ̀ rẹ, á kọ ìwé kan, á fi awọ pupa dì í. Nínú rẹ̀ á ya ilẹ̀ náà bó ṣe wà, á wá fi bébà kékeré tó ṣeé ṣí bo apá kan àwòrán náà. Tí o bá ṣí i, ilẹ̀ kan náà lo máa rí, bí yóò ṣe rí lẹ́yìn iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ra ìwé yìí ni kò ṣe gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé e kalẹ̀ kí àlejò lè máa ṣí i wò. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀gbọ́n mi náà ti ya fọ́tò bébà tirẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo wa lórí fóònù.

Mo sì wo fọ́tò náà dáadáa. Ìlà omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ìlá á mọ ìdí rẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kẹta títí di oṣù kẹwàá, òjò kì í ṣeré pẹ̀lú ilẹ̀ pupa wa. Ẹ wo àwọn ilé alámọ̀ tó ti pẹ́ nínú ìlú, bí àgbàrá ṣe fọ ìdí wọn lọ tí ìpìlẹ̀ wá yọrí síta. Àwa tí a ń kọ́lé tuntun rò pé a ti borí ìyẹn. A fi íńtàlọ́ọ̀kì bo gbogbo ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé géètì, omi òrùlé kò rí ibi wọlé sí, ó wá di ti ará ilé tó wà nísàlẹ̀. Bébà náà fi íńtàlọ́ọ̀kì sí ojú ipa táyà nìkan, ó fi koríko sáàárín. Ó fi máńgòrò jìnnà sí ṣọ́kúwéè. Ó wá fi igi méjì sí ìwọ̀-oòrùn, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti máa ń lu ògiri yàrá tí yàrá kò fi ní ṣeé sùn títí di ọ̀gànjọ́. Kò sí ẹyọ òdòdó kan nínú gbogbo èyí, àmọ́ ẹni tó bá ti san owó iná ẹ̀rọ amúlétutù rí yóò mọ iye tí igi méjì yẹn tó.

Ibẹ̀ ni mo dé tí ìyá ìyá mi fi já wọ inú ìrònú mi, bó ṣe máa ń já wọ inú ọ̀rọ̀ gbogbo nígbà ayé rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kò ju ibi tí ọkọ̀ mẹ́rin lè dúró sí lọ. Ewúro wà lẹ́nu ilé ìdáná, kó lè na ọwọ́ já a nígbà tí ọbẹ̀ bá ń hó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níbi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn sí, ìdí nìyẹn tó fi ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí tàwọn aládùúgbò ń rọ. Efínrín wà lábẹ́ fèrèsé nítorí ẹ̀fọn. Ata wà lójú ààtàn àtijọ́, ilẹ̀ tó ti jẹ eérú àti ìgbẹ́ adìẹ yó. Pèrègún ló fi dá ààlà. Lápálàpá ló fi ṣe ọgbà níbi tí ewúrẹ́ ń gbà wọlé, nítorí ewúrẹ́ kì í fi ẹnu kàn án. Ewúrẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan wà tó gbọ́n jù, tó máa ń wá ihò kiri. Ìyá àgbà máa ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá gbajúmọ̀ olè sọ̀rọ̀, tòun ti oríkì. Ọmọ tó bá sì gba àárín ata kọjá, èébú rẹ̀ á kan bàbá rẹ̀ níbi iṣẹ́.

Bí mo bá fi bébà ọkùnrin Òṣogbo ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìnkùlé yẹn, kò sí ohun tó mọ̀ tí ìyá àgbà kò mọ̀. Àmọ́ ìyá ti ń wo ilẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, lójò àti lẹ́ẹ̀rùn, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ra ilẹ̀ tirẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan, ó sì padà s'Ékòó lọ́jọ́ kejì. Ẹni tí kò ní ọdún tí yóò fi mọ ilẹ̀ rẹ̀ ní láti sanwó fún ojú ẹlòmíràn. Mo rò pé mo ti rí ìdáhùn ìjà agboolé nìyẹn, ó sì kù díẹ̀ kí n pe bàbá wa àgbà lórí fóònù.

Ìyá àgbà kò gbà. Ohun tí mo wá rántí ni òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó kú. Ewúrẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì rí ihò rẹ̀ nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín. Ata lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ewúro ga kọjá ibi tí ọwọ́ lè dé, ó di igi tí adìẹ ń sùn sí. Nígbà tí a fi máa ṣe ìrántí ọdún kan, àdá la fi la ọ̀nà dé balùwẹ̀. Ilé náà ń bẹ síbẹ̀ títí dòní, páànù rẹ̀ kò jò. Ilé ṣeé tì ní kọ́kọ́rọ́ kéèyàn máa lọ, ọgbà kò ṣeé tì. Àwọn ọba wa mọ èyí. Nínú ìwé tí G. J. Afọlábí Òjó kọ lórí ààfin ilẹ̀ Yorùbá ní 1966, ààfin Ọ̀wọ̀ nìkan ju 100 ékà lọ. Kò sẹ́ni tó lè ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìní ìránṣẹ́ àti olorì tó kún ilé.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè kan tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi bí àwàdà kò fi pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Kí ọkùnrin Òṣogbo tó fa ìlà kankan, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló máa wà nílé?" Ẹ̀gbọ́n mi ní mèìgádì wà. Ọkùnrin náà ní, "Mèìgádì máa ṣílẹ̀kùn, sà. Ta ló máa wà nílé?"

Ẹ rìn yí Ìlá ká lọ́sẹ̀ tí kò sí ọdún, kò sí òkú. Ẹ ó rí ilé tó dára, géètì tó ga, kọ́kọ́rọ́ ńlá lẹ́nu rẹ̀. Ọdún Àjíǹde, Iléyá àti Kérésìmesì la ń ṣí wọn. Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà kò yàtọ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé púpọ̀ nínú ilé wọ̀nyí, ọjọ́ tí wọ́n bá tẹ́ onílé sí pálọ̀ ni èrò máa kún inú wọn jù lọ. Àbúrò wo ló máa sọ ọ́? Tí èmi bá bi ẹ̀gbọ́n mi pé ta ló máa gbé ilé rẹ̀, ìlara ni. Tí ìyàwó rẹ̀ bá bi í, ìjà ni. Tí bàbá wa àgbà bá bi í, èpè ló máa kà á sí. Àlejò tó gbowó nìkan ló lè bèèrè, kí á sì dá a lóhùn, torí iṣẹ́ ló ń ṣe. Owó ewúrẹ́ méjì yẹn, ẹnu ọkùnrin náà ni wọ́n fi rà.

Irú rẹ̀, kí àlejò sọ ohun tí ará ilé kò lè sọ, ti ṣẹlẹ̀ ní Òṣogbo rí, láìsí owó. Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, ọmọ ilẹ̀ Austria, dé Nàìjíríà ní 1950, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ sin igbó Ọ̀ṣun kó tó kú ní 2009. Igbó náà tó 75 hẹ́kítà, UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ère ni àlejò ń wò níbẹ̀. Èmi a máa ro iye ìgbà tí yóò ti sọ pé rárá fún ẹni tó fẹ́ gé igi tàbí ta ilẹ̀, tí a gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ju bí a ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àwòrò lọ. Inú mi kò dùn sí èyí, ẹ má rò pé mò ń yìn wá.

Lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi ti tú ìtọ́ díẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé, yàtọ̀ sí mèìgádì, ìyá opó kan tó ń gbé bọ́ìsì-kọ́tà nìkan ni yóò máa wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà lọ bá ìyá náà, ó sì pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ju bó ṣe pẹ́ lọ́dọ̀ onílé lọ. Ó bi í nípa ibi tí omi ẹ̀rọ ń dé, ẹni tó ni ewúrẹ́ àdúgbò àti irú ẹ̀fọ́ tí ìyá náà ń jẹ. Nínú bébà, àgbọn, ọ̀pẹ àti pèrègún ló pọ̀, àwọn tí kì í pe èèyàn lálẹ́ pé òùngbẹ ń gbẹ wọ́n. Ẹ̀bá yàrá ìyá náà ló fi ebè ẹ̀fọ́ sí, ó ní ẹni tó ń jẹ níbẹ̀ kò ní jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ. Ẹ̀gbọ́n mi takú pé òun fẹ́ koríko kápẹ́ẹ̀tì níwájú ilé nítorí àlejò Kérésìmesì, bẹ́ẹ̀ abẹ́ kánópì àti táyà àwọn àlejò náà ni koríko yẹn máa kú sí. Wọ́n gbà fún ara wọn. Koríko náà gba ojú ilẹ̀ kékeré kan.

Tí ó bá kan èmi, n ó sanwó irú bébà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ tí èèyàn wá wò nínú òjò oṣù kẹfà, gbogbo ohun tó bá gbìn síbẹ̀ ló máa hù. N ó di ìdajì owó náà mú títí di oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ bá ti gbẹ ètè gbogbo wa, kó gbé bébà rẹ̀ wá láti Òṣogbo, kí òun, èmi àti ẹni tó bá wà nílé jọ rìn yípo.