Mo Fi Èlíṣà Ṣe Ẹlẹ́rìí Omi Iyọ̀

Àrùn Ẹ̀bólà kò pa ẹnì kankan ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 2014. Èkó àti Port Harcourt ló ti ṣọṣẹ́. Ènìyàn 20 ló mú ní Nàìjíríà, ó pa 8 nínú wọn, nígbà tó sì di 20 Oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí wọ́n ń gbé ní Ọ̀yọ́ kò fojú kan ẹni tó ní in rí. Síbẹ̀, Ẹ̀bólà ló sọ wọ́n di aláàbọ̀ ara, èmi ni mo sì gbé e lọ bá wọn.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni mí nígbà náà, ní ìjọ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kíláàsì àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n fún mi, mo sì ní ohun tí wọ́n fi mọ̀ mí: kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ tí n kì í wá ẹsẹ Bíbélì fún kó tó di ọjọ́ Àìkú. Ọ̀wọ́n epo ni o, fíìmù tuntun ni o, àwọn ọmọbìnrin Chibok tí wọ́n jí gbé ní Oṣù Kẹrin ọdún náà ni o, mo ti mọ ibi tí a máa ṣí. Àwọn ọ̀dọ́ á ní, “Bọ̀dá, ẹ tún ti rí i!” Kí n má purọ́, ìyìn yẹn dùn mọ́ mi ju ẹ̀kọ́ náà lọ.

Fíìmù Mount Zion, ẹgbẹ́ tí Mike Bamiloye dá sílẹ̀ ní 1985, la fi dàgbà. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ṣe ọ̀dọ́ nínú ìjọ láyé ìgbà yẹn ní ìtàn Agbára Ńlá, ọ̀kan lára fíìmù wọn, á sọ ọ́ fún yín látòkèdélẹ̀. Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, bó ṣe yé mi sí, ẹni tó gba ìkìlọ̀ lóru tó sì sáré gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ni akọni. Ẹni tó ní ká dúró ná, ká bi ẹni tó mọ̀, aláìgbàgbọ́ ni, ojú á sì tì í kí fíìmù tó parí. N kò dá fíìmù lẹ́bi o. Kò sí èyí tó ní ká mu omi iyọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ ipa tí èmi fẹ́ kó.

Lóru Ọjọ́bọ̀ mọ́jú Ọjọ́ Ẹtì, 8 Oṣù Kẹjọ, fóònù ń dún káàkiri Nàìjíríà. Kí kálukú po iyọ̀ mọ́ omi gbígbóná, kó fi wẹ̀, kó sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, Ẹ̀bólà kò ní ràn án. Àwọn kan ní ọba kan ló sọ ọ́, àwọn mìíràn ní dókítà ni. Èyí tó dé ọ̀dọ̀ tèmi kò ní orúkọ ẹnì kankan lórí. Ó yẹ kí ìyẹn dá mi dúró, àfi bí mo ṣe wá orúkọ fún un. Mo rántí Èlíṣà ní Jẹ́ríkò, nínú ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kejì: omi ìlú kò dára, wòlíì bu iyọ̀ sínú àwokòtò tuntun, ó dà á sí orísun omi náà, Ọlọ́run sì wo omi náà sàn. Ara mi yá gágá. Mo kọ ọ́ mọ́ àtẹ̀jíṣẹ́ náà, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo kíláàsì, mo wá ń pe àwọn àgbàlagbà tí kò mọ WhatsApp lò.

Orógbó náà gbówó lórí lásìkò yẹn. Ní 1999, Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu ti sọ níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ ewéko ní Amẹ́ríkà pé ohun tí wọ́n yọ lára orógbó dá kòkòrò Ẹ̀bólà dúró nínú ìgò àyẹ̀wò. Inú ìgò àti inú ènìyàn kì í ṣe ibì kan náà, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́? Àwọn Kristẹni Ọ̀yọ́ tí kò jẹ́ fọwọ́ kan orógbó nítorí pé ti Ṣàngó ni, ń rún un ní gbangba. Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ wo ẹni tó ń fi ènìyàn rẹ́rìn-ín.

Ìyá Àgbà là ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ẹ̀lùbọ́ ni wọ́n ń tà ní ọjà Akẹ̀sán. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, wọ́n sì ti dín iyọ̀ ọbẹ̀ kù débi tí àwọn ọmọ ilé fi ń ráhùn. Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

“Àjàní, nọ́ọ̀sì ní kí n sá fún iyọ̀.”

“Ìyá Àgbà, èyí yàtọ̀. Iyọ̀ Èlíṣà ni.”

“Ṣé Olúwa ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ó wà nínú Bíbélì, mà.”

Wọn kò jiyàn mọ́. Wọ́n ti ń ka Bíbélì kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ń pè ní olùkọ́.

Ife ńlá kan ni wọ́n mu. Kí oòrùn tó mú, ẹ̀gbọ́n mi ti pè pé ẹnu Ìyá Àgbà ti wọ́, apá ọ̀tún kò sì gbé mọ́. Nígbà tí mo fi máa dé ilé ìwòsàn ní Ọ̀yọ́, dókítà ń béèrè ohun tí wọ́n jẹ. Èmi ni mo dáhùn. Kò bú mi. Ó ní òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé iyọ̀ nìkan ló fà á, nítorí àìsàn ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n iyọ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ga, iṣan inú ọpọlọ sì lè dí tàbí kó bẹ́. Ó pẹ́ gan-an tí mo fi ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn yẹn bo ara mi.

Ní 15 Oṣù Kẹjọ, WHO kìlọ̀ pé ìròyìn ti jáde pé ó kéré tán ènìyàn 2 ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀. Kò sẹ́ni tó ka irú Ìyá Àgbà mọ́ ọn. Wọn kò padà sí Akẹ̀sán mọ́. Owó tí wọ́n ń tọ́jú kí ọmọ-ọmọ wọn lè wọ yunifásítì LAUTECH ni a ná sí oògùn àti sí ẹni tó ń bá wọn na apá àti ẹsẹ̀. Ọmọ náà lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ó mọ aṣọ rán dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe nìyẹn.

Ìyá Àgbà lo ọdún díẹ̀ sí i kí wọ́n tó jáde láyé. Nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ẹnu tó ti wọ́ yẹn sọ: “O ò sọ fún mi pé o ò mọ̀.”

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo sì ń gbé o! Ìlú tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi ti bẹ̀rẹ̀ ní 1898, tí Dókítà George Green dé ní 1907 láti wá fi oògùn ṣe iṣẹ́ ìyìn rere. Àwọn míṣọ́nnárì yẹn kò ya Bíbélì sọ́tọ̀ kúrò lára oògùn. Nọ́ọ̀sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Mo ní káàdì tí mo fi pe àwọn àgbàlagbà lóru, n kò pe nọ́ọ̀sì. Òun ì bá sì ti rán mi létí pé orísun omi ni Èlíṣà da iyọ̀ sí kí omi lè ṣeé mu; kò po iyọ̀ fún aláìsàn kankan.

Àwọn kan nínú ìjọ ní kí n má dára mi lẹ́bi, pé ìgbàgbọ́ ló ṣì mí lọ́nà. N kò gbà. Mo fẹ́ jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́, ìdí tí mo fi gbé fóònù nìyẹn. Orúkọ Ọlọ́run ni mo fi lu òǹtẹ̀ sórí ohun tí n kò wádìí, mo sì gbà báyìí pé òfin kẹta nínú òfin mẹ́wàá bá irú èmi wí ju àwọn tó ń búra ní gáréèjì lọ. Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, tí àtẹ̀jíṣẹ́ chloroquine ń fò kiri, àwọn ọ̀dọ́ tún ń retí ẹsẹ Bíbélì lẹ́nu mi. Mo ní n kò ní. Mo fún wọn ní nọ́ńbà nọ́ọ̀sì.

N kò rántí gbogbo ẹni tí mo pè lóru ọjọ́ yẹn, n kò sì padà bi ẹnikẹ́ni nínú wọn bóyá ó mu ún, nítorí pé ẹ̀rù ìdáhùn ń bà mí. Bí ẹ bá wà lára wọn, tàbí bó jẹ́ ìyá yín tàbí bàbá yín ni mo pè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Bí ohunkóhun bá sì ti ìdí ìpè mi ṣe wọ́n, ẹ má fi pa mọ́ fún mi.