Bóòtù Méjì Abẹ́ Ọkọ̀ Bàbá Mi

Láti ìgbà tí bàbá mi ti gbé ọkọ̀ Hilux rẹ̀ sókè ni ọkọ̀ náà ti ń jẹ rọ́bà bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Kì í ṣe rọ́bà táyà ni mo ń wí o. Rọ́bà kan wà lábẹ́ ọkọ̀ níwájú, ó ní ìpele ìpele bí ara ọ̀kùn. Òun ló bo oríkèé ṣáàfù tó ń yí táyà, gírísì ló sì kún inú rẹ̀. Bí ó bá ti ya pẹ́nrẹ́n, gírísì á fọ́n jáde, iyanrìn á wọlé, kò sì ní pẹ́ tí iwájú ọkọ̀ á máa dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ nígbàkígbà tí awakọ̀ bá yà sí kọ̀rọ̀. Láàárín oṣù márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a pààrọ̀ ti apá òsì.

Bàbá mi kì í ṣe ẹni tó ń gbé ọkọ̀ sókè nítorí fáàrí. Ṣakí ni à ń gbé, iṣu àti èlùbọ́ ló ń kó láti àwọn abúlé wá sí ọjà, àwọn ìyá oníṣòwò a sì máa bá a lọ. Ẹni tó bá mọ Òkè-Ògùn mọ̀ pé ilẹ̀ àpáta ni. Ní ẹ̀ẹ̀rùn kan, òkúta lu àgbá epo ọkọ̀ náà lọ́nà oko, epo dà nù tán pátápátá, bàbá mi sì sùn sínú ọkọ̀ mọ́jú. Nígbà tó délé, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Àbúrò rẹ̀, tí èmi ń pè ní Bọ̀dá, ni mẹkáníìkì wa. Ó fi irin kún orí sípíríǹgì iwájú, ó tún ti ẹ̀yìn ṣe, ọkọ̀ sì fi ínǹṣì méjì ga sí i. Inú bàbá mi dùn. Òkúta ò ha abẹ́ ọkọ̀ mọ́. Rọ́bà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

Nígbà ọlidé, ọ̀dọ̀ Bọ̀dá ni mo máa ń wà. Àwọn oníbàárà tí kò mọ̀ mí a máa bi mí bóyá omi ni mo gbé wá tà, torí pé ọmọbìnrin ni mí. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ bàbá mi tí Bọ̀dá fi tọ́ọ̀ṣì hàn mí ohun tó ń jẹ rọ́bà. Láàárín táyà iwájú méjèèjì ni dìfẹrẹ́ńṣà wà, ìyẹn ìkòkò irin kan tí jíà wà nínú rẹ̀. Ṣáàfù méjì ló jáde láti inú rẹ̀, ọ̀kan lọ sí táyà ọ̀tún, èkejì sí ti òsì. Ara ṣáásí ni wọ́n de ìkòkò yìí mọ́. Nítorí náà, nígbà tí a gbé ọkọ̀ sókè, ó bá ọkọ̀ gòkè, ṣùgbọ́n táyà ò lè kúrò nílẹ̀. Ṣáàfù tí kò fi bẹ́ẹ̀ dagẹ̀rẹ́ tẹ́lẹ̀ wá dagẹ̀rẹ́ bí òrùlé.

"Ṣé o ti fi ọrùn ọwọ́ tó tẹ̀ gún iyán rí?" Bọ̀dá bi mí.

Mo ní rárá.

"Gún un wò lálẹ́ yìí. Ohun tí ojú oríkèé yìí ń rí nìyẹn."

Mo gún un wò lóòótọ́. N kò lè gún un kọjá bíi ogún ìgbà kí ọwọ́ tó máa ta mí. Ṣáàfù ọkọ̀ wa sì rèé, ó ń bá táyà yí ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, ì báà jẹ́ pé awakọ̀ ò tíì fa jíà tó ń mú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣiṣẹ́. Bí ó ti ń yí ní títẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìpele rọ́bà apá kan ń na, ti apá kejì ń fún pọ̀, wọ́n ń ha ara wọn títí wọn á fi ya.

Àbá Bọ̀dá ni pé kí a má gbé ọkọ̀ wálẹ̀, kí a rẹ dìfẹrẹ́ńṣà nìkan sílẹ̀ díẹ̀, kí ó lè sún mọ́ ibi tí táyà wà. Bàbá mi wò ó títí.

"Ẹ gbé e sókè, mo sanwó. Ẹ tún fẹ́ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí n tún sanwó?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fara balẹ̀. Ínǹṣì kan péré ni, abẹ́ ibẹ̀ nìkan ló sì kàn."

"Nínú ínǹṣì méjì tí mo rà, ìwọ fẹ́ gba ọ̀kan padà lọ́wọ́ mi."

Kò sì parọ́. Ibi tí dìfẹrẹ́ńṣà wà yóò sún mọ́ òkúta ju bó ṣe wà lọ. Bọ̀dá náà ò sì fi pamọ́ pé gẹ̀rẹ́ ṣáàfù kò ní tán, yóò kàn dínkù ni. Bàbá mi ṣírò iye tó ti ná lórí rọ́bà, ó ní ká máa bá a lọ.

Bọ̀dá gbé iṣẹ́ fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, ó gé irin roboto méjì tó dá ihò lu láàárín fún wa, gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílímítà 25. Àárín ṣáásí àti ibi méjì tí wọ́n fi de dìfẹrẹ́ńṣà níwájú ni wọn yóò wọ̀ sí. Nítorí èyí, bóòtù àtijọ́ kò lè gùn tó mọ́. Bọ̀dá fún mi ní ₦12,000 kí n lọ ra bóòtù gígùn méjì. Ó kọ ìwọ̀n wọn sí bébà, ó sì fa ìlà sábẹ́ ohun kan: lórí bóòtù náà, mo gbọ́dọ̀ rí 10.9.

Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, ₦5,500 ni ọ̀kan. Ní ìkejì, ọkùnrin kan gbé èyí tó gùn bákan náà, tó sì nípọn bákan náà, kalẹ̀ fún mi ní ₦1,500. Orí rẹ̀ ń dán, kò sí nọ́ḿbà kankan lórí rẹ̀. Mo fi bébà hàn án. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bóòtù ni bóòtù ń jẹ́."

Ojú fóònù mi ti fọ́ láti oṣù tó ṣáájú. ₦9,000 ló kù sí mi lọ́wọ́ nígbà tí mo kúrò níbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni a ṣe iṣẹ́ náà. A fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, a tú irin pẹlẹbẹ tó bo abẹ́ ọkọ̀, Bọ̀dá sì ti jáàkì sábẹ́ dìfẹrẹ́ńṣà pẹ̀lú pákó lórí rẹ̀. Èmi tú bóòtù àtijọ́. Ó rọra ń sọ jáàkì kalẹ̀, ìkòkò ńlá náà ń bọ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ki irin roboto méjèèjì bọ àlàfo, mo ti bóòtù tuntun bọ̀ wọ́n, mo dì wọ́n. Ó ní kí n wo okùn rọ́bà tí dìfẹrẹ́ńṣà fi ń mí, kí ó má baà fà jù. Mo wò ó. Lẹ́yìn náà ni mo fi gírísì pa orí bóòtù méjèèjì. Kò sí ìdí kankan tí ènìyàn fi ń fi gírísì pa orí bóòtù. Bọ̀dá tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, ó wo irin roboto, ó wo ṣáàfù tó ti rọ̀ díẹ̀, ó ní mo káre. Kò wo orí bóòtù. Èmi ló kúkú rán.

Bàbá mi yóò jáde ní aago márùn-ún òwúrọ̀. N kò sùn. Mo ń ka àwọn tó máa wà nínú ọkọ̀ náà: bàbá mi, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ìyá ẹlẹ́lùbọ́ iwájú ilé wa tó máa ń fún mi ní gúgúrú, àti àwọn mìíràn tí n kò mọ orúkọ wọn. Mo ń ro ó pé bí bóòtù kan bá já lórí eré, dìfẹrẹ́ńṣà á rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lápá kan, á fa ṣáàfù lọ́wọ́, táyà á sì há. Bí mo bá ti ro ó dé ibẹ̀, màá tún bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá mi.

Nígbà tí mo gbọ́ tí ó ń ṣe àlùwàlá, mo jáde bá a. Mo sọ ọ́. N kò sọ ọ́ dáadáa. Ọ̀rọ̀ fóònù ni mo fi ṣáájú, kò kọ́kọ́ yé e. Nígbà tó yé e, kò sọ nǹkan kan. Ó wọlé lọ kírun. Mo dúró lójú kan náà títí ó fi jáde.

"Èló ló kù lọ́wọ́ rẹ?"

Mo kó ₦9,000 fún un. Ó pe Bọ̀dá lórí fóònù.

Àwọn ìyá ti ń dé pẹ̀lú agbọ̀n. Bàbá mi bẹ̀ wọ́n, ó ní ọkọ̀ ò tíì ṣe tán. Kò sọ ẹni tó fà á. Ó ìbá tù mí lára díẹ̀ bí ó bá sọ ọ́. Àwọn mélòó kan dúró. Àwọn tó kù wá ọkọ̀ mìíràn lọ, wọ́n ń kùn.

Bọ̀dá gun ọ̀kadà dé. Kò bú mi. Ó ní kí n wọ abẹ́ ọkọ̀, kí n tú ohun tí mo dì. Nígbà tí a ń retí kí ṣọ́ọ̀bù ṣí, ó kó wa lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, ó fi fáìsì di ọ̀kan nínú bóòtù mi mú, ó ki páìpù gígùn bọ ẹ̀yìn sípánà, ó ní, "Dì í." Mo fà á. Ó kọ́kọ́ le, lẹ́yìn náà ó rọ̀ lọ́wọ́ mi bí ẹ̀kọ, ó sì já. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ó di bóòtù àtijọ́ tó ti wà lábẹ́ ọkọ̀ láti ọjọ́ yìí, ó ní kí n fa ìyẹn náà. Mo fi gbogbo ara mi rọ̀ mọ́ páìpù, bóòtù ò yẹ̀.

Olùkọ́ fisíìsì wa ló wá ṣàlàyé nọ́ḿbà náà fún mi nígbà tí a wọlé. Tí a bá sọ 10 tó ṣáájú di ìlọ́po 100, 1,000 ni iye newton tí irin náà máa gbà lórí sikúà mílímítà kan kí ó tó já. Irin tí nọ́ḿbà tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4 kò ju 400 lọ. Ti èmi ò tilẹ̀ ní nọ́ḿbà.

Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù kí bàbá mi tó jáde lọ́jọ́ náà. Ẹrù tó kó bọ̀ kò kún ìdajì ọkọ̀. Títí di òní, kò tíì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Rọ́bà apá òsì ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí, kò ya. Bọ̀dá ṣì ń rán mi lọ ra nǹkan. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, bí mo bá ti dé, á ní kí n kó o sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Báyìí, ó máa ń tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, á gba bóòtù, á yí orí rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, á sì ka nọ́ḿbà náà jáde lójú mi.