Òṣèré tí ó di Olùdarí

Ọ̀pọ̀ òṣèré ni ó gbà pé bí ènìyàn bá ti mọ eré í ṣe, ó ti mọ eré í darí nìyẹn. Èrò yìí kì í sábà bímọ re. Fernando Fernán Gómez, ará Sípéènì, wà nínú ìwọ̀nba díẹ̀ tí mo lè sọ pé olùdarí inú wọn ju òṣèré ibẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òṣèré ni àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí.

Inú iṣẹ́ náà ni wọ́n bí i sí. Òṣèré ni ìyá rẹ̀; ìrìn-àjò eré ni ó gbé e dé Lima, ní ilẹ̀ Perú, níbi tí ó bí i sí ní 1921. Láti 1943 ni ọkùnrin gíga onírun pupa yìí ti ń hàn nínú fíìmù.

Ní 1963 ó darí El mundo sigue, èyí tí ó túmọ̀ sí ‘Ayé ń lọ’. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin méjì ní Madrid ni ìtàn náà dá lé lórí, tí wọn kò fẹ́ rí imí ara wọn láàtàn. Ọ̀kan fẹ́ ọkùnrin tí ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà, tí ó sì ń fi owó ilé ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Èkejì fi ẹwà rẹ̀ wá ọlà lọ́dọ̀ àwọn olówó. Fernán Gómez fúnra rẹ̀ ni ó ṣe ọkọ atatẹ́tẹ́ náà, kò sì ṣàánú ara rẹ̀ rárá. Ẹ rántí pé Franco ni ó wà lórí oyè nígbà náà. Fíìmù tí ó fi hàn pé ìwà rere kò bọ́ ẹnikẹ́ni kò lè rí ojúrere àwọn tí ìjọba fi ṣọ́ sinimá. Wọ́n fi í hàn fún ìgbà díẹ̀ ní Bilbao ní 1965, ó sì wọlẹ̀. Ó di 2015 kí ó tó padà sí ilé sinimá, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ikú ẹni tí ó ṣe é.

Kò torí èyí kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ń ṣe eré ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n bá gbé wá, ó ń gba owó rẹ̀. Àwọn kan lè pe èyí ní fífi ẹ̀bùn ṣòfò. Èmi kò gbà, nítorí ẹni tí ebi pa kú kò ní darí fíìmù kankan.

Ó wá ṣe El viaje a ninguna parte ní 1986, láti inú ìwé ìtàn-àròsọ tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Àwọn òṣèré tí ń rìn láti abúlé dé abúlé, irú àwọn tí àwa ń pè ní alárìnjó, ni ó ń sọ nípa wọn, àti bí sinimá ṣe gba òǹwòran lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pín ẹ̀bùn Goya, ní 1987, òun ni ó gba ti fíìmù, ti olùdarí àti ti ìwé eré. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ó tún gba ti òṣèré fún fíìmù mìíràn. Kò lọ síbẹ̀.

Ìran kan nínú rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Bàbá arúgbó, tí ó ti lo ayé rẹ̀ lórí ìtàgé, rí iṣẹ́ nínú fíìmù. Ọ̀rọ̀ ṣókí ni wọ́n ní kí ó sọ. Ó ń kígbe rẹ̀ bí ẹni pé kí ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn pátápátá lè gbọ́. Wọ́n ní kí ó rọra sọ ọ́, ó tún kígbe. Fernán Gómez ni ó ṣe bàbá yẹn.