ÌDÁMẸ́JỌ TÍ Ó KÙ

Ìtìjú ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí fi bẹ̀rẹ̀ fún mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ìpín ogún, ọmọbìnrin kan tí ó ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì ní òwúrọ̀ kò dìde pẹ̀lú àwọn yòókù. Ó ní, "Àáfà, mo fẹ́ fi kẹ́mísírì sílẹ̀. Ìṣírò rẹ̀ kò yé mi." Ilé-kéwú ni èmi ti kàwé, n kò jókòó ní kíláàsì kẹ́mísírì rí. Ó kù díẹ̀ kí n ní kí ó fi í sílẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo ti sọ fún àwọn kan ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ti lé sí ojú ọmọ náà.

Mo ní kí ó fi Yorùbá sọ ìbéèrè náà. Ó ní èròjà kan ń yí padà di nǹkan mìíràn. Gíráàmù 80 ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, ó ku 10. Wọ́n ń béèrè nọ́ńbà tí a fi ń mọ bí ó ṣe ń yára tó. Ó ní irú èyí, tí wọ́n ń pè ní first-order, bí ó bá ṣe pọ̀ tó ni ó ṣe ń yára tó. Nítorí náà, iye àkókò tí ìdajì rẹ̀ fi ń lọ kì í yí padà, ì báà pọ̀, ì báà kéré.

Mo wo pátákó. Ìpín ogún ṣì wà níbẹ̀: ìdajì, ìdámẹ́rin, ìdámẹ́jọ. Mo ní, "80 di 40, 40 di 20, 20 di 10. Ìdámẹ́jọ ni ó kù, ìpín opó tí ọkọ rẹ̀ fi ọmọ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a pín in ní ìdajì láàárín ìṣẹ́jú 30. Ìdajì kan, ìṣẹ́jú mélòó?"

Ó ní, "Mẹ́wàá!" Ó sì parí rẹ̀ fúnra rẹ̀: ó fi 10 pín 0.693, ó rí 0.0693 fún ìṣẹ́jú kan.

Òun náà wá kọ́ mi. Bí iye tó kù kò bá bọ́ sí ìdajì géérégé, kí a fi í pín iye ìbẹ̀rẹ̀, kí a tẹ "ln" lórí ẹ̀rọ ìṣírò, kí a sì fi àkókò pín ohun tí ó bá jáde. A fi 10 pín 80, ó jẹ́ 8. Ln rẹ̀ jẹ́ 2.079, a fi 30 pín in, 0.0693 náà ni.

Lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ pé irú ìṣírò yìí ni ìpìlẹ̀ ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí ìwé awọ àtijọ́. 5,730 ọdún ni ìdajì carbon-14 fi ń lọ. Nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0.000121 fún ọdún kan. Nínú 100, nǹkan bí 84 ni yóò kù lẹ́yìn 1,400 ọdún. Ní 2015, Yunifásítì Birmingham kéde pé àyẹ̀wò carbon tí wọ́n ṣe ní Oxford fi hàn pé awọ tí wọ́n kọ àwọn ojú-ewé Al-Kùránì kan lé lórí wá láti àárín 568 sí 645. Ìmọ̀ tí mo ń lé àwọn ọmọ sá fún ni ó jẹ́rìí sí ọjọ́ orí awọ yẹn!

Ọmọ náà kò fi kẹ́mísírì sílẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọmọ bá gbé ohun tí a kò mọ̀ wá, ẹ jẹ́ kí a ní kí ó jókòó, kí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Kí Ọlọ́hun fi kún ìmọ̀ wa. Àmín.