Ọ̀rọ̀ Yorùbá Nínú Ilé Àyágbé

 

Láti ọdún 2011 ni mo ti ń tọ́jú áàpù kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ènìyàn tẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, kí ó sì rí ìtumọ̀ rẹ̀ àti gbólóhùn tí ó fi bí a ti ń lò ó hàn. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni mo gbà lẹ́nu àwọn ìyá aláró ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta: orúkọ ewé, orúkọ ìkòkò, orúkọ ọnà ara aṣọ àdìrẹ. Díẹ̀ nínú àwọn ìyá náà ti jáde láyé. Ìdí nìyí tí mo fi ka bíbójútó áàpù náà sí iṣẹ́ èdè, tí n kò kà á sí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nìkan.

Shared hosting ni ó ń gbé. Ẹni tí ó bá ti gbé ilé alájọgbé rí ní Ìbàdàn tàbí ní Mushin yóò tètè mọ ohun tí ó jẹ́. Ọ̀ọ̀dẹ̀ gígùn la ilé já, yàrá kọjú sí yàrá. Kànga kan, ilé ìdáná kan, ilé ìwẹ̀ kan ni gbogbo ayálégbé jọ ń lò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni shared hosting rí: server kan, ọ̀pọ̀ oníbàárà lórí rẹ̀, tí wọ́n jọ ń pín memory àti CPU. Kọ́kọ́rọ́ yàrá, ìyẹn cPanel, wà lọ́wọ́ wa. Kọ́kọ́rọ́ ilé, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní root, wà lọ́wọ́ onílé. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò pọ̀, ìyẹn ni ó sì mú kí iṣẹ́ èdè tí kò ní olówó lẹ́yìn máa gbé irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú irú ilé yìí ni omi. Kí ayálégbé kan má baà fa kànga gbẹ, onílé a máa fi òṣùwọ̀n lé e. Lórí server tí ó ń lo CloudLinux, bí a bá kọjá ìwọ̀n, nọ́ńbà 508 ni àlejò yóò bá lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tí ó ń fa omi tiwa tán kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ rárá. Àwọn bot ni, ètò kọ̀ǹpútà tí ń ti ojú ewé kan bọ́ sí òmíràn láìsinmi. Ohun tí ó gbà wá ni pé kí a má ṣe máa pọn omi tuntun fún gbogbo ẹni tí ó bá béèrè. Bí ẹnì kan bá ti béèrè ọ̀rọ̀ kan, áàpù a fi ojú ewé rẹ̀ pamọ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì HTML. Ẹni tí ó bá tún béèrè a gba fáìlì náà láìdé ọ̀dọ̀ database.

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọdún nìí, wèrè ẹ̀míì. Òwe yìí bá PHP mu, èdè tí a fi kọ áàpù náà. Ní ọdún 2011, àwọn àṣẹ tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mysql_ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bá database sọ̀rọ̀. PHP 7.0 jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, ó sì mú wọn kúrò pátápátá. PHP 5.6, tí ó ṣì gbà wọ́n, àkókò àtúnṣe ààbò rẹ̀ parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2018. Onílé kọ lẹ́tà sí wa pé òun ń tún ilé ṣe. Mo fi oṣù méjì tún gbogbo àṣẹ wọ̀nyẹn kọ kí ọjọ́ tó pé.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn mí jù lọ ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2019, nígbà tí onílé kó wa lọ sí server mìíràn lóru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, áàpù ń ṣiṣẹ́, kò sí ìkìlọ̀ kankan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti fọ́. Ọmọ ti di ?m?. Ọ̀rẹ́ ti di ??r??. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti di àdìr? ?l??k?; àdìrẹ oníko ẹ̀wẹ̀, oníko rẹ̀ nìkan ni kò fara pa.

Latin1 ni wọ́n fi ṣí database wa sí ilé tuntun. Òun náà ni MySQL ń lò bí ẹnikẹ́ni kò bá yan òmíràn, kí MySQL 8.0 tó dé ní ọdún 2018. Àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ni a ṣe é fún: ó mọ á, ó mọ è, nítorí pé Faransé àti Sípéènì ń lo irú wọn, kò mọ ẹ, ọ àti ṣ. Lẹ́tà tí kò bá mọ̀, àmì ìbéèrè ni ó fi ń rọ́pò rẹ̀, a kò sì lè ti inú àmì ìbéèrè mọ lẹ́tà tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ tún kíyè sí i pé Unicode kò ní ẹ́ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo: ẹ dá wà, àmì ohùn dá wà, a sì ń tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Ìdí nìyí tí àmì ìbéèrè fi jẹ́ mẹ́rin nínú ọ̀rẹ́.

Ẹ̀dà tí mo ti gbà sórí kọ̀ǹpútà mi ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni mo fi dá gbogbo rẹ̀ padà, lábẹ́ utf8mb4. Bí kò bá sí ẹ̀dà yẹn, ta ni à bá padà lọ bi ní Ìtòkú?

Utf8mb4 nìkan kò tó. Database tún ní òfin tí ó fi ń mọ ọ̀rọ̀ tí ó bára mu. Lábẹ́ èyí tí ń jẹ́ utf8mb4_unicode_ci, àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ kò já mọ́ nǹkan: oko tí a ń ro, ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ àti ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lójú rẹ̀. Bí oko bá ti wọlé, tí a sì ní kí ọ̀rọ̀ kan má wọlé lẹ́ẹ̀mejì, yóò lé ọkọ̀ padà! Nítorí náà ni mo ṣe fi ọ̀rọ̀ gan-an sábẹ́ utf8mb4_bin, tí ó ń wo gbogbo àmì, mo sì fi ọ̀rọ̀ kan náà láìlámì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún àlejò tí kò lè tẹ àmì. Yóò tẹ “oko”, a ó fi márààrún hàn án, òun yóò sì yan èyí tí ó ń wá.

Owó ilé yìí, dọ́là ni a fi ń san án. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa sọ iye náírà, ohun tí mo ń san ti ju ìlọ́po méjì lọ. Ó lè di dandan kí n kó jáde lọ́jọ́ kan. Nítorí èyí, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kọ̀ọ̀kan, mo ń gba ẹ̀dà database sílé, mo ń ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, mo sì ń wá ọ̀rẹ́ nínú rẹ̀. Bí mo bá rí i pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, ọkàn mi a balẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹ̀dà kan ṣoṣo sínú ilé onílé. Onílé ló ni ilé. Àwa la ni ọ̀rọ̀.

Ire o.